FN bàbá àgbà, AK ẹ̀gbọ́n: ta ló jàre?

Ìbéèrè yìí dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ náà ni:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Bàbá àgbà mi jagun abẹ́lé, ìbọn FN ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti di sójà báyìí, ìhà Bọ̀rnó ló wà, AK ló ń gbé. Ìgbàkígbà tó bá wálé ni àríyànjiyàn máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Bàbá àgbà á ní FN ni ìbọn gidi, pé ohun ìṣeré ọmọdé ni AK. Ẹ̀gbọ́n mi á ní ọta kan náà, 7.62, ni méjèèjì ń yìn, pé AK sì fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú wọn? Tí 7.62 bá sì lágbára tó báyẹn, kí ló dé tí àwọn sójà Amẹ́ríkà fi ń gbé 5.56 tó tín-ín-rín?"

Ọmọ mi, kọ́kọ́ bá mi kí bàbá àgbà. Ẹni tó lọ sí ogun yẹn tó sì bọ̀, kíkí ló yẹ ẹ́.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tún ìbọn ṣe nínú iṣẹ́ ológun kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlòmíì ló ń yìn ín, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá nígbà tó bá kọ̀. Orí tábìlì ni mo ti mọ ìbọn, nígbà tí mo bá tú u palẹ̀ tí mo rí ohun tí iyanrìn, òjò àti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ti fojú rẹ̀ rí. Ojú yẹn ni màá fi dáhùn.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣì í ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dé, torí àṣìṣe náà lè pa sójà. Ọta FN àti ọta AK kì í ṣe ọta kan náà rárá. Fífẹ̀ ihò ọ̀pá ìbọn ní mìlímítà ni 7.62 ń sọ. Kò sọ bí ìkarahun ọta náà ṣe gùn tó, kò sọ iye ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀, kò sọ bí òjé orí rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ìkarahun ti FN gùn ní mìlímítà 51, ti AK gùn ní 39. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ̀kan ní 7.62x51, tí wọ́n ń kọ èkejì ní 7.62x39. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn ni ojú ọ̀rọ̀. Bí ọrùn agbádá méjì bá dọ́gba, a kò tíì sọ pé ara ẹnì kan náà ni méjèèjì máa bá mu.

Bí wọ́n ṣe dé orí nọ́ńbà kan náà dùn mọ́ mi púpọ̀. Ínṣì ni ó ti wá. Tí o bá pín ínṣì kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mìlímítà 7.62. Àwọn ará Rọ́ṣíà ìgbà tsar máa ń pe ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì ní "ìlà", ìbọn wọn sì ń jẹ́ oníìlà mẹ́ta. Àwọn Amẹ́ríkà náà ń pe tiwọn ní .30. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sì pàdé ní oríta kan. Kódà, tí o bá fi irin ìwọ̀n tó péye wọn òjé méjèèjì, ti AK fẹ̀ ju ti FN lọ ní bíńtín, nǹkan bí 7.92 sí 7.82.

Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ti dá wàhálà sílẹ̀. Òru ni ọkọ̀ kó ọta dé ibùdó kan tí mo wà, wọ́n kọ "7.62" gàdàgbà sára àpótí. Ẹni tó gbà á kò wo nọ́ńbà ẹ̀yìn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn ọmọ fẹ́ máa kó o sínú mágásìn AK ni wọ́n rí i pé kò wọ̀. Ọta gígùn ni. Ọjọ́ méjì gbáko la fi gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀nba tó kù lára wa, ọkàn mi kò balẹ̀ lóru méjèèjì. Láti ìgbà náà, tí mo bá gbọ́ tí sójà kan sọ pé "7.62" lásán, màá béèrè pé: èwo níbẹ̀?

Ó yá, ká gbé wọn sórí ìwọ̀n. Òjé orí ọta FN wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 9.5, ó sì máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí mítà 840 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti AK tó nǹkan bí gíráàmù 8, mítà 715 ni tirẹ̀. Tí a bá fi ìwúwo àti eré yẹn ṣírò agbára, ti FN lé ní júùlù 3,300, ti AK jẹ́ nǹkan bí 2,000. Bí a bá pín agbára FN sí ọ̀nà márùn-ún, mẹ́ta péré ló máa kan AK. Ìbọn Lee-Enfield tí àwọn bàbá wa gbé lọ sí ogun Bọ́mà, àwọn tó wà nínú ìpín ológun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, .303 ni ọta rẹ̀. Òjé gíráàmù 11.3 ni, mítà 744, júùlù tó lé ní 3,100. Wàá rí i pé FN kò jìnnà sí i. Nígbà tí FN dé ọwọ́ ìran bàbá àgbà rẹ, agbára tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, ohun tó yàtọ̀ ni pé ìbọn yìí ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀, kò dúró de ọwọ́ sójà kó fa irin sẹ́yìn kó tó tún yìn ín.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé agbára ni bàbá àgbà ń sọ, ó jàre. Igi tí sójà ọ̀tá sá sí lẹ́yìn, ògiri alámọ̀, àpò iyanrìn, ọta FN máa ń ṣe wọ́n ju bí ọta AK ti lè ṣe wọ́n lọ. Ó tún ń lọ tààrà jù. Ojú ìwòran ẹ̀yìn FN bẹ̀rẹ̀ láti mítà 200 títí dé 600, ẹni tó bá sì mọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa lè lò ó dé 600 yẹn. Ọta AK ní tirẹ̀, tó bá ti kọjá mítà 300, ó ti ń rọ̀ sílẹ̀ kíákíá. Ẹni tó bá fẹ́ bá nǹkan ní 400 ní láti gbé ẹnu ìbọn sókè dáadáa, kó sì mọ iye tí ọta máa já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ sójà kò mọ̀ ọ́n. Ojú ìwòran AK ní nọ́ńbà dé 800, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara irin kò lè sọ ọta di ohun tí kò jẹ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Lójú ẹni tí wọ́n kọ ìbọn sí, júùlù 2,000 kì í ṣe ohun ìṣeré. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́sẹ̀. Ìbéèrè tó yí gbogbo nǹkan padà láàárín àwọn tó ń ṣe ìbọn kì í ṣe pé ọta wo ló ń lù kíkan jù. Wọ́n béèrè pé: báwo ni ibi tí sójà ti ń bá sójà jà ṣe jìnnà tó gan-an?

Àwọn ará Jámánì ti rí ìdáhùn rẹ̀ nígbà ogun Hitler. Ogun tí àwọn sójà ń jà láàárín ilé, nínú igbó, nínú kòtò, kì í sábà kọjá mítà 400, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ìkarahun ọta wọn kúrú sí mìlímítà 33, wọ́n sì ṣe ìbọn StG 44 yí i ká. Ní 1952, Norman Hitchman kọ àbọ̀ ìwádìí kan fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ohun kan náà ló rí: ìbọn àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀ mọ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí mítà 300, kì í ṣe nítorí pé ọta kò dé ibẹ̀, bí kò ṣe pé sójà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò rí ẹni tó ń dojú kọ dáadáa, kò sì lè gba ojú ibi tó fẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa FN ni pé wọn kò fi ọta gígùn yẹn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dieudonné Saive ló ya á ní ilé-iṣẹ́ FN ní Herstal, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ọta kúkúrú ti Jámánì yẹn ló kọ́kọ́ fi gbìyànjú rẹ̀, lẹ́yìn náà ọta .280 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn. Ìbọn fífúyẹ́ fún ọta fífúyẹ́ ni èrò rẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ló yarí. Wọ́n ní ọta ńlá làwọn fẹ́, NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì gba 7.62x51 wọlé ní 1954. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gba ìbọn EM-2 olọ́ta .280 ní 1951, Churchill dé orí oyè, ó sì dá a padà. Bí wọ́n ṣe wọ ẹ̀wù àgbàlagbà fún FN nìyẹn. Ó gbé ẹ̀wù náà dáadáa, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti fi FN rọ̀jò ọta rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọta àkọ́kọ́ lè lọ síbi tó fẹ́. Ìkejì á gba orí òrùlé. Ìkẹta, àwọn ẹyẹ ló ń wá lọ. Ìbọn náà máa ń ta èjìká ju ohun tí ìwúwo rẹ̀, kìlógíráàmù 4.3, lè gbà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi mú ìrọ̀jò kúrò lára tiwọn pátápátá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yìn. Ní erékùṣù Falkland ní 1982, FN dojú kọ FN: àwọn ará Ajẹntínà ní èyí tó ń rọ̀jò, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọlọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́kọ̀ọ̀kan ló ṣẹ́gun. Mi ò sọ pé ìbọn ló fà á, torí ẹ̀kọ́ àti ìfaradà sójà ló ṣe púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ìrọ̀jò FN kò fi nǹkan kan lé e.

Àwọn Soviet kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní tiwọn. Wọ́n ti ní ọta kúkúrú wọn láti 1943, Mikhail Kalashnikov sì ṣe ìbọn tó bá a mu, wọ́n gbà á wọlé ní 1949. Ní 1959 wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní AKM, ó wálẹ̀ dé nǹkan bí kìlógíráàmù 3.1. Ọgbọ̀n ọta ni mágásìn rẹ̀ ń gbà, ogún ni ti FN. Lójú ìjà tó sún mọ́ra, ìyàtọ̀ ọta mẹ́wàá yẹn kì í ṣe kékeré.

Wo ìkarahun ọta AK dáadáa tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mú ọ̀kan wálé. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń tín-ín-rín lọ sókè, bí ìdí òkòtó. Ohun náà ló jẹ́ kí mágásìn AK tẹ̀ kọrọdọ, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣòro kí ìkarahun há sínú ìbọn: bó bá ti sún sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, ó ti bọ́ lára ògiri ihò tó wà. Wọ́n tún fi chrome bo inú ọ̀pá kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín irin tó ń lọ tó ń bọ̀. Tí iyanrìn bá wọ inú AK, ó ń rí ibi tó máa lọ. Tó bá wọ inú FN, kò ríbi lọ, torí irin FN bá ara wọn mu ṣinṣin. Àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì rí ìyà FN nínú iyanrìn ní 1967, ohun tó sì mú wọn ṣe Galil nìyẹn, ìbọn tí inú rẹ̀ jọ ti AK. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní láti gbẹ́ ìlà sára irin inú tiwọn kí iyanrìn lè rí ibi jókòó sí. Eruku Bọ̀rnó nígbà ọyẹ́, ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ rí kò ní í bá ẹ̀gbọ́n rẹ jiyàn lórí ìyẹn. G3 àwọn ará Jámánì náà wà nínú ẹbí ọta gígùn yìí. Ó lágbára, kò ní ihò gáàsì (ihò tí èéfín ẹ̀tù ń gbà wọlé láti ti irin sẹ́yìn) tó lè dí, ṣùgbọ́n ìtasẹ́yìn rẹ̀ le, èjìká mi ṣì rántí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé AK máa ń há o. Àwọn tó máa ń sọ pé kì í há láéláé, wọn kò tíì jókòó sídìí tábìlì mi. Ètè mágásìn tó ti tẹ̀, sípíríǹgì tó ti rẹ̀, ìpẹtà nínú ihò gáàsì nítorí ọta àtijọ́ tí èròjà ìtanná ìdí rẹ̀ ń jẹ irin: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa ń rí, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. AK ń fara da ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀, ìfaradà náà sì lópin.

Ó kan ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, ó sì bà mí nínú jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́. Àwọn kan náà tó fi ọta ńlá lé gbogbo NATO lọ́wọ́ ní 1954, wọ́n ṣe ìbọn M14 fún un ní 1957. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi rí i pé nínú igbó Vietnam, lọ́wọ́ ọ̀tá tó ń gbé AK, ìbọn gígùn tó wúwo tí kò ṣeé fi rọ̀jò kò bá wọn lára mu. Wọ́n yíjú sí ìbọn tí Eugene Stoner ya, M16, òun ló ń jẹ ọta 5.56 tí o béèrè. Kò tó kìlógíráàmù 3. Òjé ọta rẹ̀ ìgbà náà kò ju gíráàmù 3.56 lọ, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ sún mọ́ mítà 990 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nǹkan bí júùlù 1,750 ni, ó kéré sí ti AK pàápàá.

Ìbọn náà dára. Ohun tí wọ́n ṣe sí i kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ni kò dára. Ẹ̀tù kan ni Stoner fi ṣe é, ẹ̀tù mìíràn ni wọ́n wá rọ sínú ọta tí wọ́n kó lọ sí Vietnam, èyí tó ń sun ní ọ̀nà mìíràn, tó ń mú kí irin inú sáré jù, tó sì ń fi ẹ̀gbin sílẹ̀. Wọn kò fi chrome bo ihò tí ọta ń jókòó sí, nínú ilẹ̀ tí òjò kì í dá. Wọ́n sọ fún àwọn sójà pé ìbọn yìí kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí igi àti òróró ìfọbọn gbà. Ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá há ní láti fi ọ̀pá irin ti ìkarahun náà jáde láti ẹnu ìbọn, bí ẹni tó ń ki ṣakabùlà, nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀. Ìròyìn dé ilé pé wọ́n ń rí òkú àwọn ọmọ ogun tí ìbọn wọn wà ní títú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní 1967, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tí Richard Ichord ṣe alága rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì bá àwọn tó wà nídìí ètò náà wí gidigidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi chrome sí i, tí wọ́n pín ohun ìfọbọn fún olúkúlùkù, tí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ìbọn kan náà ni o, Stoner kò tún òmíràn yà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Inú ń bí mi tí mo bá ń rò ó, torí ẹnikẹ́ni tó wà nídìí tábìlì àtúnṣe ni ì bá ti sọ fún wọn.

O wá béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi rọ̀ mọ́ ọta tín-ín-rín yẹn títí dòní. Gbé e sórí ẹ̀yìn ara rẹ, wàá mọ̀. Ọta FN kan, tìkarahun-tòjé, wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 24. Ti AK jẹ́ nǹkan bí 16 sí 17. Ti M16 jẹ́ 12. Ìwúwo tí sójà fi máa gbé ọgọ́fà ọta FN, yóò fi gbé nǹkan bí 175 ti AK, tàbí 240 ti M16. Sójà tó bá ti rìn fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú omi, oúnjẹ àti ìbora lẹ́yìn kò ní í bi ọ́ léèrè júùlù. Iye ọta tó kù lára rẹ̀ ló máa kà.

Òmíràn tún wà tó ṣòro láti sọ, torí ẹran ara èèyàn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe agbára nìkan ló ń sọ irú ọgbẹ́ tí ọta máa dá. Òjé AK ti Soviet lè gba inú ara kọjá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nítorí náà ó lè wọlé kó sì jáde ní ihò tóóró. Òjé M16 àkọ́kọ́ máa ń tètè yí, tí eré rẹ̀ bá sì ṣì pọ̀, ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọta kékeré fi ń dá ọgbẹ́ tó ju ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n eré ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Nígbà tí wọ́n gé ọ̀pá ìbọn kúrú láti ṣe M4, eré dínkù láti ẹnu ìbọn, àwọn sójà wọn ní Áfgánístàn sì ráhùn pé ọta náà ń kọjá lára ẹni láìṣe iṣẹ́ tó yẹ lọ́nà jíjìn. Àwọn ará òkè níbẹ̀ ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta ńlá yìn wọ́n láti ibi tó jìnnà. Wọ́n yí ọta náà padà ní 2010, wọ́n sì tún gbé àwọn ìbọn 7.62x51 díẹ̀ jáde fún àwọn ayìnbọn wọn tó lójú jù. Ká má gbàgbé pé láti 1899 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí i ní The Hague pé àwọn kò ní í lo òjé tó ń là nínú ara bí òdòdó lójú ogun. Inú ààlà òfin yẹn ni gbogbo ọgbọ́n yìí wà.

Èyí tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́: àwọn tó ṣe AK gan-an ti fi ọta rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ wọn. Ní 1974, àwọn Soviet gbé AK-74 jáde, 5.45x39, òjé tí kò tó gíráàmù 3.5. Ṣáínà náà gba ọ̀nà kan náà lọ pẹ̀lú 5.8 tiwọn. Nítorí náà, gbogbo àwọn ńlá ló sọ ọta di kékeré. Báyìí ó tún ti ń yí padà, torí àwọn sójà ń wọ ìgbayà tí ọta kékeré kò lè gún. Ní 2022, Amẹ́ríkà mú ìbọn tuntun láti ọwọ́ iléeṣẹ́ SIG Sauer, ọta 6.8x51 ló ń jẹ. Wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀: 51, gígùn ìkarahun FN bàbá àgbà rẹ. Ogún ọta ló wà nínú mágásìn rẹ̀, bíi ti FN, sójà tó ń gbé 210 tẹ́lẹ̀ yóò sì máa gbé 140. Bàbá àgbà lè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, mo fún un láyè.

Ti Nàìjíríà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ DICON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964 ṣe ẹ̀dà FN tiwa, NR1. Ní 2006 wọ́n gbé ẹ̀dà AK jáde, wọ́n pè é ní OBJ-006, fún Ọbásanjọ́. Lẹ́yìn náà a tún ra Beryl M762 láti Pólándì, ọta AK ló ń jẹ. Gbogbo wọn ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun kan náà, pẹ̀lú ọta gígùn tí àwọn ìbọn arọ̀jò-ọta ńlá ń jẹ. Sí ojú mi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, ó ju ti FN tàbí AK lọ. Bìáfírà jẹ ìyà yìí ju ẹnikẹ́ni lọ: wọ́n yí wọn ká, ìbọn tí wọ́n rí kó jọ láti ibi púpọ̀ ń jẹ ọta oríṣiríṣi, ohun tí bàálù bá sì gbé dé Úlì, pápá bàálù wọn, lóru ni wọ́n ń pín. Ẹni tó ní ìbọn tó dára jù lọ láyé, tí ọta rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, igi ló gbé dání. Tí wọ́n bá bi mí ohun tí màá ṣe, ọta méjì péré ni màá fi sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀: kúkúrú fún olúkúlùkù, gígùn fún ìbọn arọ̀jò-ọta àti fún ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ojú rẹ̀ dá. Màá sì kùn àpótí wọn ní àwọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra, tí ẹni tó wà nínú òkùnkùn pàápàá kò ní í ṣì í mú.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé orí òkè ni wọ́n wà, tí ilẹ̀ tẹ́jú níwájú wọn dé mítà 500, bàbá àgbà ni màá tẹ̀ lé pẹ̀lú FN rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ilé alámọ̀, inú igbó Sàmbísà, tàbí orí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nínú eruku, ẹ̀gbọ́n rẹ ló jàre, mi ò sì ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Púpọ̀ nínú ìjà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń rí, ti ẹ̀yìn yìí ni.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí o bá mi béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà. FN ní òrùka kékeré onínọ́ńbà kan lórí ọ̀pá rẹ̀, lẹ́yìn ojú ìwòran iwájú, tí wọ́n máa ń yí nígbà tí eruku bá mú kí ìbọn lọ́ra, kí gáàsì lè pọ̀ sí i. Ṣé wọ́n kọ́ ọ láti máa yí i, àbí ó fi í sí ojú kan títí ogun fi parí? Kí o sì bi í bóyá igi ni ibi tó ń fọwọ́ dì mú níwájú, àbí ohun dúdú. Kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì kọ ọ́ bí ó bá ṣe sọ ọ́ gan-an.